Owó ọsibítù tó ń ga sí i: Ibi tí dókítà yín ti kọ́ṣẹ́ wà nídìí ẹ̀!

Bí èèyàn bá jáde ní ọsibítù lóde òní, tó wo risíìtì tí wọ́n kọ fún un, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé oògùn ti wọ́n, pé dọ́là ló fà á, pé ìjọba ni ò ṣe dáadáa. Irọ́ kọ́ o, òótọ́ wà nínú gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn, ìyẹn ni pé dókítà tó mú bíírò, tó kọ tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin àti oògùn márùn-ún yẹn sórí ìwé, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Níbo ló ti kọ́ ọ? Irú ilé wo ló ti jáde wá? Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìlera ti tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí wò, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ kan àpò gbogbo èèyàn.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà ẹbí kì í ṣe dókítà ojú, kì í ṣe ti egungun, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn. Òun ni dókítà tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá, tó ń wo bàbá, tó ń wo ìyá, tó tún ń wo ọmọ. Ikọ́ ni o, ibà ni o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, iwájú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń dé. Owó tí dókítà yìí fúnra ẹ̀ ń gbà kì í pọ̀ bí ẹ bá fi wé tàwọn yòókù. Bíírò ọwọ́ ẹ̀ gan-an ló ń náwó. Bó bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣe sikáànì orí, owó ni. Bó bá ní kí wọ́n dá yín dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ni. Bó bá darí yín sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà mìíràn, tí onítọ̀hún náà tún bẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ lákọ̀tun, owó ńlá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ dókítà míì wà tó jẹ́ pé ìbéèrè márùn-ún ló máa bi yín, á fọwọ́ tẹ ikùn yín wò, á ní kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹta. Àìsàn kan náà, dókítà méjì, risíìtì méjì tí ò jọra wọn rárá. Kí ló fà á?

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI WÀ NÍLẸ̀ LÁTỌDÚN 1973

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí jù, kò sì yani lẹ́nu. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń náwó lórí ìtọ́jú aláìsàn tó wọn. Lọ́dún 2023 nìkan, owó tí wọ́n ná lórí ìlera tó tírílíọ̀nù 4.9 dọ́là. Bí ẹ bá kó gbogbo ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà jọ, tẹ́ ẹ pín in sọ́nà 100, ó lé ní 17 nínú ẹ̀ tí wọ́n ná sórí ìlera.

Lọ́dún 1973, dókítà kan tó ń jẹ́ John Wennberg àti ẹnì kejì ẹ̀, Alan Gittelsohn, gbé ìwádìí kan jáde nípa ìpínlẹ̀ Vermont. Ìpínlẹ̀ kékeré ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ jọra wọn, oúnjẹ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, òtútù kan náà ló ń mú gbogbo wọn. Wọ́n wá wo iye èèyàn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gé ẹran kékeré méjì tó wà lọ́nà ọ̀fun, ìyẹn tonsil, ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ládùúgbò kan, nínú 10,000 èèyàn, 13 péré ni wọ́n gé tiẹ̀. Ládùúgbò míì nínú ìpínlẹ̀ kan náà, 151 ni. Ṣé ọ̀fun àwọn tọ̀hún ló burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ló gbà pé gígé ló dáa jù. Bí èèyàn bá ti ń gbé ládùúgbò wọn, kó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀bẹ nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn làwọn olùwádìí ti mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń pinnu iye tí èèyàn máa san, pé àṣà àwọn dókítà wà níbẹ̀. Ohun tí ò tíì yé wọn nígbà náà ni ibi tí dókítà kọ̀ọ̀kan ti kó àṣà tiẹ̀.

DÓKÍTÀ 2,851 NI WỌ́N TỌ IPASẸ̀ WỌN

Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni ìdáhùn tó lágbára jáde. Dókítà Candice Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó orúkọ dókítà 2,851 jọ. Àwọn dókítà ẹbí ni wọ́n, àtàwọn tó ń tọ́jú gbogbo àìsàn inú ara fún àgbàlagbà, tí wọ́n parí ìkọ́ṣẹ́ wọn láàárín ọdún 1992 sí 2010. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa o: ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá jáde ní yunifásítì ìṣègùn, kò tíì tó o. Ó ṣì máa lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní rẹ́sídẹ́ńsì. Ọdún mẹ́ta ni ti dókítà ẹbí.

Àwọn olùwádìí yìí wá wo ibi tí dókítà kọ̀ọ̀kan ti kọ́ṣẹ́ yẹn. Wọ́n pín àwọn ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ibi tí wọ́n ti ń náwó yàlàyòlò, ibi tí wọ́n ti ń náwó níwọ̀ntunwọ̀nsì, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ìwé owó tí ètò Medicare, tí ìjọba fi ń tọ́jú àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65, san nítorí àwọn aláìsàn wọn lọ́dún 2011.

Àbájáde ẹ̀ rèé. Wọ́n yọ gbogbo ohun tó lè da ọ̀rọ̀ rú kúrò, bíi ọjọ́ orí aláìsàn, bí àìsàn ṣe le tó, àti irú àdúgbò tí dókítà náà wà báyìí. Síbẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń náwó yàlàyòlò fi nǹkan bíi 7 nínú 100 náwó ju àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná. Lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, dọ́là 522 nìyẹn lọ́dún kan. Bí dókítà kan bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 500, ó ti di dọ́là 261,000 lọ́dọọdún, látorí bíírò ẹnì kan ṣoṣo.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni tàwọn tí iṣẹ́ ṣì tuntun lọ́wọ́ wọn. Láàárín àwọn dókítà tí ò tíì lò ju ọdún méje lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìyàtọ̀ yẹn fò sókè dé 29 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń dínkù, nígbà tó fi máa di ọdún kẹrìndínlógún, kò sí ìyàtọ̀ gidi mọ́. Ẹ gbọ́ o, ọdún kẹrìndínlógún! Àwọn Yorùbá ní àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà yìí gan-an ni wọ́n ń sọ.

BÓ ṢE Ń ṢẸLẸ̀

Kò sóhun ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń fi aṣọ ṣòfò, bó bá gba fúrídọ̀ọ̀mù tán, òun náà á máa fi aṣọ ṣòfò ni. Dókítà kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀gá mọ ohun tí ọ̀gá ẹ̀ fẹ́. Bó bá jẹ́ ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́, sikáànì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ wà, ọ̀gá dókítà oríṣiríṣi wà, tí wọ́n sì máa bú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí ló dé tí kò ṣe tẹ́ẹ̀sì báyìí-báyìí, á yáa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó lè ní àlàáfíà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rù ilé ẹjọ́ tún wà níbẹ̀, nítorí aláìsàn lè pe dókítà lẹ́jọ́ pé kò wo òun dáadáa. Bí ọdún mẹ́ta yẹn bá fi máa parí, ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Kò ní í mọ̀ pé owó lòun ń ná, iṣẹ́ tó dáa ló rò pé òun ń ṣe.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbi tí ọ̀gá ti máa ń bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe? Bó bá gbé èsì ẹ̀ wá, kí lo máa yí padà nínú ìtọ́jú ẹ?" ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan ara, àti ìgbà tó yẹ kí èèyàn ní sùúrù.

Òótọ́ ni pé àdúgbò tí dókítà ti ń ṣiṣẹ́ náà lágbára tiẹ̀. Lọ́dún 2009, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, Atul Gawande, kọ̀wé nípa ìlú McAllen ní ìpínlẹ̀ Texas. Lọ́dún 2006, nǹkan bíi 15,000 dọ́là ni Medicare ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ní El Paso, tóun náà wà lẹ́nu ààlà Mexico, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ sì jọ tàwọn ti McAllen, nǹkan bíi 7,500 ni. Ìdajì! Bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà ní McAllen ò dáa ju ti El Paso lọ. Gawande rí i pé àwọn dókítà kan ti sọ iṣẹ́ náà di òwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Nígbà tó padà kọ̀wé nípa ìlú náà lọ́dún 2015, owó yẹn ti fi bíi 3,000 dọ́là wálẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún 2009 sí 2012. Ọwọ́ òfin ti tẹ àwọn kan, ojú ti ti àwọn míì, àwọn dókítà ẹbí kan sì ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sanwó fún nítorí pé ara aláìsàn le, dípò kí wọ́n máa sanwó fún wọn nítorí pé wọ́n kọ tẹ́ẹ̀sì rẹpẹtẹ. Wọ́n wá ráyè jókòó ti aláìsàn dáadáa.

ILÉ TÍ DÓKÍTÀ TI WÁ ŃKỌ́?

Èyí náà ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ọdún mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kó tó wá kan rẹ́sídẹ́ńsì. Owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Lára àwọn tó yáwó kàwé, gbèsè tó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn tí wọ́n bá máa fi jáde máa ń tó 200,000 dọ́là. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àwọn tó lówó jù lọ láwùjọ. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀ á wo owó oṣù dókítà ẹbí, á wo ti oníṣẹ́ abẹ tó fi ìlọ́po jù ú lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí ojú ẹ̀ máa lọ. Bí dókítà ẹbí bá sì wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá olówó ńlá ni aláìsàn ń gbà lọ tààrà, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Látọdún 1974, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Jefferson ní Philadelphia ti ní ètò kan tí wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ tó dàgbà sí ìgbèríko, tí wọ́n fẹ́ ṣe dókítà ẹbí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ náà, wọ́n rí i pé wọ́n padà sí ìgbèríko ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọ̀pọ̀ sì dúró síbẹ̀. Lọ́dún 2010, òfin ìlera tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí dá ètò míì sílẹ̀ tó gbé ìkọ́ṣẹ́ dókítà kúrò ní ọsibítù ńlá, tó gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kéékèèké láàárín àdúgbò.

Ìwádìí míì tó jáde lọ́dún 2015 tún fi kún un. Dókítà ẹbí tó bá ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ fúnra ẹ̀, tí kì í tètè ti aláìsàn síta sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá míì, owó tí Medicare ń ná lórí àwọn aláìsàn ẹ̀ fi bíi 10 sí 15 nínú 100 kéré, wọn kì í sì í wọ wọ́ọ̀dù tó àwọn yòókù.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe dókítà lọ́hùn-ún ńkọ́? Wọ́n pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà nílé. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtìkó lọ́dún 2017 wo àwọn dókítà inú ọsibítù ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe dókítà ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá èyí mu. Nínú 100 àgbàlagbà tí àwọn dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè tọ́jú, 11.2 ló kú láàárín oṣù kan. Tàwọn tó kàwé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 11.6. Owó táwọn ará òkèèrè ná jẹ́ 1,145 dọ́là lórí aláìsàn kan, tàwọn onílé jẹ́ 1,098. Ìyàtọ̀ dọ́là 47 péré. Ìyẹn ni pé kì í ṣe orúkọ yunifásítì ló ń wo èèyàn sàn.

ILÉ WA Ń'BÍ ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú owó tí wọ́n ń ná lórí ìlera, ó lé ní ìdajì dáadáa tó ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra ẹ̀. Amẹ́ríkà ní Medicare tó ń gba ìyà fún àgbàlagbà. Níhìn-ín, àpò yín ni Medicare.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ dókítà ní yunifásítì, ọdún kan ní iṣẹ́ háúsì, ọdún kan ní ètò sìnrú ìlú. Lẹ́yìn èyí, dókítà náà lè máa wo gbogbo èèyàn láì tún lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ẹbí rárá. Èyí tí Amẹ́ríkà sọ di dandan, tìfẹ́-tìfẹ́ ni níhìn-ín. Kì í ṣe pé ibi ìkọ́ṣẹ́ ò sí o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fún àwọn dókítà ní oyè àgbà, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀ tó wà ní Ìjànìkin l'Ékòó, ní ẹ̀ka ti dókítà ẹbí. Láwọn ọdún 1980, àwọn ọsibítù ìjọ bíi ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti di ọsibítù Yunifásítì Bowen báyìí, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Níbẹ̀, owó ò pọ̀, ẹ̀rọ ò pọ̀, aláìsàn ló pọ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa fi ojú, etí àti ọwọ́ ṣe kó tó sọ pé kí èèyàn lọ sanwó. Irú wọn náà wà ní UCH n'Íbàdàn àti láwọn ọsibítù ńlá míì, àwọn ló ń wo èèyàn níbi tí aláìsàn tó bá kọ́kọ́ dé máa ń yà sí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ibà àti tàìfọ́ọ̀dù. Ta ni wọn ò tíì sọ fún l'Ékòó pé ó ní méjèèjì pọ̀? Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n sábà fi ń sọ pé èèyàn ní tàìfọ́ọ̀dù ni Widal, tí wọ́n ti ń lò látọdún 1896. Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ títí pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá ṣe é, kò tó láti fi mọ̀ pé àìsàn náà wà lára, nítorí pé ẹni tí kòkòrò náà ti kàn rí, tàbí ẹni tí àìsàn míì ń ṣe, ó lè gbé èsì jáde bíi pé tàìfọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbìn, tí wọ́n ń wò bóyá kòkòrò máa hù níbẹ̀, ló dájú jùyẹn lọ. Ní ti ibà, látọdún 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura sí kó tó gboògùn. Dókítà tí wọ́n kọ́ dáadáa mọ gbogbo èyí. Èyí tó kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ Widal fún gbogbo ẹni tí ara ẹ̀ bá gbóná, á máa kọ ọ́ lọ ni. Owó tẹ́ẹ̀sì, owó abẹ́rẹ́, owó dírípù, bóyá fún àìsàn tí kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o. Ìtọ́jú olówó pọ́ọ́kú kọ́ ni ìtọ́jú tó dáa. Dókítà tí kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nítorí pé ó ń kánjú, owó tó bá yín fi pamọ́ lónìí, kíndìnrín tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ á gbà á lọ́la tòun ti èlé. Dókítà ẹbí tó mọṣẹ́ á náwó síbi tó yẹ kó ná an sí.

Èyí tó tún dun èèyàn ni pé àwọn tí wọ́n kọ́ náà ń lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé owó tí wọ́n fi ń kọ́ ẹyọ kan nínú wọn sì lé ní 21,000 dọ́là. Bí àwọn ọ̀gá bá lọ, ta ni yóò jókòó ti àwọn kéékèèké, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe?

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ ò lè tún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣe láti orí àga tẹ́ ẹ jókòó sí, ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá dókítà kan mú, ẹ má máa sáré láti ọsibítù kan bọ́ sí òmíì, nítorí ẹni tó bá ti mọ̀ yín lọ́dún mẹ́ta kò ní í bẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀sì yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo èsì àyẹ̀wò yín sínú àpòòwé kan, kẹ́ ẹ máa mú un dání. Ìtìjú ò sí níbẹ̀ bí ẹ bá bi dókítà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, kí ni tẹ́ẹ̀sì yìí máa sọ fún wa? Bí a bá ní sùúrù fún ọjọ́ méjì ńkọ́?" Èyí tó mọṣẹ́ ò ní í bínú. Kẹ́ ẹ sì bi í bó bá kọ́ṣẹ́ dókítà ẹbí. Kẹ́yin náà má sì máa fi dandan gba abẹ́rẹ́ àti dírípù, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà, aláìsàn gan-an ló ń bẹ dókítà pé kó náwó òun.

Ìyókù wà lọ́wọ́ ìjọba àtàwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́. Òfin adójútòfò ìlera ti wà látọdún 2022, tó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní in. Ṣùgbọ́n owó adójútòfò tó bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná, omi inú ajẹ̀rẹ̀ ni. Iye tí wọ́n bá ná sórí kíkọ́ dókítà ẹbí lónìí, owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ risíìtì tí dókítà náà máa kọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.